Ìdáhùn Tí Akọ̀wé Fún Dókítà

Ẹ jókòó tì mí díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi lórí fóònù. Ohun tí ojú mi rí láti oṣù méjì sẹ́yìn, mi ò lè dá a gbé mọ́.

Ẹ mọ̀ pé tíṣà ni mí, ní Òkìtìpupa àti Àyèká, kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo kọ́ àbúrò ọkọ mi ní Práímárì Wáànù. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ó tó lè kọ A. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà di ọkọ mi. Wọ́n bí i sínú ilé náà kí n tó wọ̀ ọ́, mi ò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Akọ̀wé ni mo ń pè é. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, òun ló ń sọ̀rọ̀ fún mi níbi gbogbo.

Lọ́dún tó kọjá, ó mú mi lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní Ọlọ́run ti wo ọkàn mi sàn, mo ti da oògùn nù. Irọ́ ni. Ọkàn mi kì í lù déédéé, ojoojúmọ́ ni mo sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kí ni kí n sọ níwájú gbogbo ìjọ? Mo jó.

Ìgbà tó yá, wọ́n ṣe skáànù fún mi, wọ́n rí kókó kan nínú ẹ̀dọ̀ mi. Dókítà, ọmọbìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ní òun máa fi abẹ́rẹ́ gígùn bu díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ọ̀bẹ. Ojú ẹ̀rọ ni òun yóò máa wò bí abẹ́rẹ́ náà ṣe ń wọlé.

Ó wá béèrè bóyá mò ń lo oògùn kankan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá.

Mo la ẹnu. Akọ̀wé, tó bá mi lọ, ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. "Dókítà, ìyàwó wa ò lo nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì yìí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a jẹ́rìí."

Ọmọ ìjọ wa ni nọ́ọ̀sì náà. Ó rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni o, Mummy jó lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ wọn ò kan ilẹ̀."

Dókítà yíjú sí mi. "Mama, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fọwọ́ ara mi sáìnì sí ìwé wọn. Mo sì ti gbé oògùn náà mì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe kò fi hàn. Wọ́n ní irú oògùn yẹn kì í sábà hàn.

Abẹ́rẹ́ náà ò dùn mí púpọ̀. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀. Nígbà tó ṣe, èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Mo sọ fún Akọ̀wé.

"Ìyàwó, ara àgbà nìyẹn. Má kó ìtìjú bá wa."

Èjìká kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú ikùn mi, tí ìrora rẹ̀ ń yọ sí èjìká. Òógùn tútù bò mí, ojú mi ṣú. Dókítà gbé ẹ̀rọ lé ikùn mi, ó wò ó. Ó tẹ̀ sí etí mi: "Mama, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń lò?"

Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tí wọ́n fà sí mi lára ló gbé mi dìde.

Èyí tó burú jù ni pé ohun tí wọ́n bù kò tó yẹ̀ wò. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Bí mo bá dá oògùn náà dúró kí wọ́n lè ṣe é, ẹ̀jẹ̀ lè dì, kí n rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Bí n ò bá dá a dúró, ẹ ti mọ̀. Kókó náà ò sì dúró dè mí. Ẹ̀yin, èwo lẹ máa mú?

Lánàá, Akọ̀wé wá. Ó ní ká lọ jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi pé ikú yẹ̀ lórí mi. Mo pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

"Fẹ́mi, jókòó."

Ó jókòó. Mo gbé páálí àti bírò fún un. Mo ní kò ní bá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n kó kọ orúkọ oògùn mi síbẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà. Ó kọ ọ́. Ó ṣì í kọ. Mo ní kó tún un kọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn fún ẹ̀jẹ̀ yín. Bí ẹ bá sì ti parọ́ níwájú ìjọ, ẹ má gbé irọ́ náà dé iwájú dókítà. Ta ló ti dáhùn fún yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó pé. Ẹ̀rù ń bà mí. Páálí náà wà nínú báàgì mi.