Ilé Afẹ́fẹ́ ní Koumassi Remblais

Ilé tí mo fi ń bọ́ ìdílé mi, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Kò ní bíríkì, kò ní páànù, àwọn ayálégbé rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kí n tó lé wọn jáde. Ṣàtó ni àwọn ọmọ Abidjan ń pè é: tapólì nípọn, pupa àti yẹ́lò, tí ẹ̀rọ kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú láìsinmi, tí àwọn ọmọdé á máa fò sókè sódò nínú rẹ̀. Mo kàwé dáadáa o, ìyá mi sì rò pé ọ́fíìsì ni màá ti ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bá mi níwájú ṣàtó, tí mo ń tú okùn bàtà ọmọ ọlọ́mọ, ó ní, "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o."

Bàbá Ràímì ló kọ́ mi níṣẹ́. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ti gbé ẹrù ní pọ́ọ̀tù títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ní ó tó gẹ́ẹ́, kó tó ra ṣàtó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dúró gbagidi, mo lajú sí àwọn ọmọ bí ọlọ́pàá. Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí lò ń wò?"

"Àwọn ọmọ ni, Bàbá."

"Àwọn tó ń fò bí eéṣú yẹn? O lè wò wọ́n tán? Bàtà ni kí o máa wò, alákọ̀wé. Ọmọ á sá, bàtà kì í sá."

Òfin iṣẹ́ wa nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá jáde á wọ tirẹ̀. Bí bàtà bá ṣì wà nílẹ̀, ẹnì kan ṣì wà nínú ilé. Nígbà tí Bàbá padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó fi ṣàtó lé mi lọ́wọ́.

Orí ìyanrìn gbalasa kan ní Remblais ni mo ń gbé e kalẹ̀ sí, láàárín àwọn àgbàlá tí ọ̀pọ̀ ìdílé jọ ń gbé. Títì jẹ́ ti bọ́ọ̀sì gbàká àti táksí, àgbàlá jẹ́ ti ìkòkò àti aṣọ sísá; ìyanrìn yẹn nìkan ni ti àwọn ọmọ. Tonton, bí ẹní pe àbúrò bàbá, ni tọmọdé tàgbà ń pè mí níbẹ̀. Ilé Kónẹ́ ni mo ti ń fa iná, télọ̀ Jùlá kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì Iléyá ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ kún ṣàtó fọ́fọ́. Lójijì ojú ọ̀run ṣú, ìjì dìde láti ìhà ọ̀sà, kí n tó lanu, iná lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ wa, ariwo kì í bà á lẹ́rù, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ṣàtó mí kanlẹ̀, ògiri rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

"Ẹ jáde! Sortez!"

Mò ń fa ọmọ lápá, mò ń fa ọmọ lẹ́sẹ̀. Àwọn ìyá sáré dé, olúkúlùkù já ọmọ gbà, ó he bàtà, ó sá lọ. Òjò ńlá bẹ̀rẹ̀. Òrùlé ṣàtó ti sùn sílẹ̀, Kónẹ́ àti àwọn ọkùnrin kan sì ti di etí rẹ̀ mú.

"Tonton, jẹ́ ká tètè ká a!" ni Kónẹ́ ké.

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Bàtà kékeré kan wà níbẹ̀, funfun, tuntun ti ọdún, omi òjò ti kún inú rẹ̀.

"Ẹ má ká a! Ta ló ni bàtà yìí?"

Ìyá Fátù tí àgbàlá rẹ̀ dojú kọ wá na ọrùn. "Ó jọ ti Ràmá."

"Ràmá dà?"

Ìyá Ràmá ń kó aṣọ kúrò lórí okùn nítòsí. "Ṣebí ọ̀dọ̀ rẹ ló wà, Ìyá Fátù? Ibẹ̀ ló sùn."

"Ó ti kúrò láàárọ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ Kónẹ́ lòun ti fẹ́ jẹ ẹran."

Kónẹ́ mi orí. "A tɛ yan! Kò sí lọ́dọ̀ mi o. Mo rò pé ó ti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀."

Ẹ ò rí nǹkan? Gbogbo àgbàlá ló ni ọmọ náà. Ilé tó bá wù ú ló ti ń jẹun, ibi tí oorun bá ti gbé e lọ ló ń sùn. Nítorí náà, kò sí ilé kan tó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ìyá Ràmá jọ̀wọ́ aṣọ sínú ẹrọ̀fọ̀. Ó sáré wá sẹ́nu ọ̀nà ṣàtó.

Omi ti ń dúró lórí tapólì, ó ń wúwo sí i. Kónẹ́ ti gbé sísọ́ọ̀sì dé. "Jẹ́ kí n gé e!"

"Ibo lo fẹ́ gé? O mọ ibi tó wà? Bó bá jẹ́ imú ọmọ lo gé ńkọ́? Ẹ gbé e! Ẹ fi orí gbé e!"

Wọ́n sì gbé e. Àwọn obìnrin tó wọ léèsì ọdún kó wọ abẹ́ rẹ̀, omi ń ṣàn lẹ́yìn ọrùn wọn. Àwọn ọkùnrin méjì tí bọ́ọ̀lù ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, tí wọn kì í kí ara wọn mọ́, forí gbé igun kan náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi àyà wọ́ wọlé.

Inú ibẹ̀ ṣú, ó gbóná, ó ń rùn bíi rọ́bà. Mo pe Ràmá, kò dáhùn. Mo mọ̀ pé bí ẹ̀rù bá ba ọmọ, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ ló máa ń sá sí, níbi tí ògiri méjì ti pàdé. Ibẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ máa ń pẹ́ sí jù. Mo wọ́ débẹ̀, mo nawọ́. Ọwọ́ mi ba ẹsẹ̀ kékeré kan. Mo mì ín. Kò mira.

"Ó wà níbẹ̀?" Ohùn ìyá rẹ̀ nìyẹn láti ẹ̀yìn.

Mo di ọrùn ẹsẹ̀ náà mú, mo fà á. Ẹsẹ̀ náà yọ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì ta mí nípàá lẹ́nu gbàgà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, wọn ò tíì ta mí nípàá tó dùn bẹ́ẹ̀.

"Ó wà láàyè! Ẹ gbé e sókè sí i!"

Nígbà tí mo fà á jáde, ó wúkọ́ títí, ó fa èémí, ó wá gbójú sókè sí mi pẹ̀lú ìbínú. "Tonton, c'est pas fini!" Ó ní àsìkò eré òun kò tíì pé. Ìyá rẹ̀ gbá a nídìí, ó gbá a mọ́ra, ó tún gbá a nídìí. Ìgbà yẹn ni ẹkún tó wá bọ́ lójú ìyá náà.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo tún gbé ṣàtó kalẹ̀, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tí mo wá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Oòrùn ràn, ṣàtó dúró bí ààfin. Ọmọ kankan kò wá. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, ìyá wọn dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Kò sẹ́ni tó bú mi o. Kíkí ni wọ́n ń kí mi, "Tonton, ẹ kú iṣẹ́," láti òkèèrè. Èébú ì bá sàn jù.

Kónẹ́ jáde síta. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Tonton, pa á. Wá ká mu tíì."

Mo ti nawọ́ láti pa ẹ̀rọ nígbà tí mo rí Ìyá Ràmá tó ń bọ̀, bẹ́ǹṣì lórí rẹ̀, Ràmá níwájú. Ó sọ bẹ́ǹṣì kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣàtó gan-an, ó ti ọmọ rẹ̀ wọlé, ó jókòó. Kò wò mí. Gbogbo àgbàlá ń wò ó.

Ràmá fò díẹ̀, ó yọjú síta, ojú ń tì í. Ó fi Faransé sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó máa lọ sílé.

"Kí n máa lọ síbo?" ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn ní Yorùbá. "Èmi náà wá ṣeré ni."

Ohùn kan dún lẹ́yìn mi. Ìyá Fátù ti fa ọmọ tirẹ̀ dé.

"Ìwọ nìkan ló mọ eré ṣe? Sún fún mi, jàre."