Mo Pè É ní Jẹ̀díjẹ̀dí

Ajá tí ọkọ mi fi sílẹ̀ lọ ni. Nígbà tí a sin ọkọ mi tán, tí ọmọ mi ọkùnrin ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Bódìjà, èmi àti ajá náà la jọ wọ mọ́tò. Àwa méjèèjì ti darúgbó.

Ajá náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ìdí nílẹ̀. Á jókòó lórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé, á na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn síwájú, á máa fi ti iwájú fa ara rẹ̀ lọ. Bó bá ṣíwọ́, á yí orí padà, á máa lá ìdí. Òórùn tó ń ti ibẹ̀ jáde dà bí ti ẹja inú fìríìjì tí iná ò dé fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọmọ mi fi ìnujú bo imú. "Mọ́mì, bí òórùn yìí ò bá lọ kó tó di Sátidé, màá gbé ajá yìí fún ẹni tó máa fi í se ọbẹ̀."

"Ṣé kí n bá a wọ ìkòkò ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kò ṣàwàdà.

Ẹni tí ìdí ń yún, tó ń jẹ búrẹ́dì oníṣúgà láràárọ̀, kí ló tún lè ṣe é bí kò ṣe jẹ̀díjẹ̀dí? Èmi náà ni mo ń fún un ní búrẹ́dì ọ̀hún. Mo lọ ra àgbo jẹ̀dí ní Agbówó, mo dà á sí i lẹ́nu. Ọjọ́ méjì ló fi ń ṣu bí omi, tí èmi ń nu ilẹ̀, ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Òórùn ò lọ. Ní Ọjọ́bọ̀ mo gbé ìrù rẹ̀ sókè: lápá òsì ihò ìdí, ó wú, ó pọ́n bí ata. Mo fọwọ́ kàn án, ó ké. Kò ké mọ́ mi rí.

Ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí lo mú wa lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Jẹ́ríkò. Obìnrin náà wò ó. "Màmá, kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí o. Àpò kéékèèké méjì wà lẹ́bàá ihò ìdí ajá, ọ̀tún kan, òsì kan. Omi tó ń rùn ló wà nínú wọn. Ìgbẹ́ tó bá le díẹ̀ ló máa ń tẹ̀ wọ́n tí omi fi ń jáde. Tiẹ̀ ti dí, ó ti di oówo. Kí lẹ fún un?"

Mo jẹ́wọ́ àgbo.

Ó mí kanlẹ̀. "Ìgbẹ́ tó ń ṣàn ò lè tẹ nǹkan kan, mà."

Ó rẹ̀ mí dé inú egungun. Ìtọ́jú tí mo ń ṣe ló ń dá kún un.

Dókítà tú oówo náà, ó fọ̀ ọ́, ó gún ajá lábẹ́rẹ́, ó fún wa ní oògùn. Ó ní kí n máa fi aṣọ tó mọ́ tí mo rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ibẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí n má tẹ̀ ẹ́, kí n dá búrẹ́dì dúró, kí n máa po elégédé sísè díẹ̀ mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Bó bá tún wọ́ ìdí, kí n gbé e wá kíákíá, kí n má gba ọ̀nà Agbówó.

Nígbà tó di Sátidé, ọmọ mi sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú ìnujú lọ́wọ́. Orí àpótí ni mo wà, abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó fa imú lẹ́ẹ̀mejì. Ajá wò ó, ó rọra jókòó lórí ìdí rẹ̀, kò wọ́ ọ.

Ọmọ mi ki ìnujú bọ àpò. "Mọ́mì, omi yìí ti ń tutù. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé òmíràn wá."

Mo na abọ́ sí i. N ò lè dìde, ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí.