Ojú Irin Tí Ìyá Mi Kò Pàtẹ Sí
Láàárọ̀ yìí, ẹnìkan nínú àwa tí a ń to rélùwéè ìṣeré fi fọ́tò èyí tó tò ránṣẹ́ sórí Wasáàpù: ojú irin mímọ́ tónítóní, kò séèyàn níbẹ̀.

Ní ọjà Adjamé, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àárín irin gan-an ni ìyá mi ń pàtẹ abọ́ títà sí. Bí fèrè rélùwéè bá dún, a ó sáré kó wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí bàbá mi ń wọ rélùwéè bọ̀ láti ìlú Bouaké, ìyá mi ti kó tiwa kúrò kí fèrè tó dún. Fèrè ò dún. Irin gbóná, òórùn ẹja díndín bo ọjà. Mo tún gbé abọ́ kan síbẹ̀.

"Laisse, jáwọ́," ìyá mi ní, "má dí bàbá ẹ lọ́nà."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ogun ló gé ojú irin, tí a ò fi rí bàbá mi mọ́.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo ọjà ti tún pàtẹ sórí irin. Àyè tiwa nìkan ló ṣófo.