Orin Odessa Lórí Adágún

Tí otútù oṣù kìíní bá ti dé bá adágún wa ní Alabama, àwọn ọkùnrin á gbé ọkọ̀ ojú omi wọn wọ gáréèjì, wọ́n á ní ẹja báàsì ti lọ sùn. Ọ̀lẹ ni wọ́n. Odessa Tarpley, tó ń dáná nílé ìwé, kì í bá wọn lọ sílé. Ó ní ẹja tí otútù mú kì í sáré, kò sì ní sáré tẹ̀lé oúnjẹ. Yóò ju ekòló rọ́bà tó fi ń tan ẹja sísàlẹ̀ omi, yóò kọ odidi ẹsẹ orin ìjọ kan kó tó fà á díẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Harlan àbúrò rẹ̀, tí kò dé ṣọ́ọ̀ṣì látọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, bá a lọ, ó ń fa tirẹ̀ wàràwàrà bíi ti ìgbà ooru.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹja lẹ fẹ́ pa ni àbí ìsọjí lẹ wá ṣe?"

"Panu mọ́, jẹ́ n kọrin mi."

Ọwọ́ Odessa ti kú tipiri, síbẹ̀ kò dìde. Nígbà tó yá, ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ. Báàsì tó fà jáde tóbi bí ọmọ ọwọ́.

Harlan wò ó títí. Ó ju ìwọ̀ tirẹ̀ sómi, kò fà á.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó rọra ní, "báwo ni ẹsẹ kìíní yẹn ṣe lọ?"