Òtílí Tí Bàbá Mi Ń Jẹ Ní Ìkọ̀kọ̀

Mo ṣì kéré ní Ìsólò-Òpin, ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí òtílí jẹ́ oúnjẹ gbogbo wa. Ẹ̀wà oko ni, ó le bí òkúta. Bí ìyá mi bá gbé e kaná láàárọ̀, ó di ọ̀sán gangan kó tó rọ̀. Wọ́n á fi irú àti ẹ̀fọ́ òdú sí i, a ó fi jẹ iṣu. Bàbá mi á jẹ tiwọn tán, wọ́n á gbé àdá, ó di oko. N kò gbọ́ kí wọ́n ní inú ń run àwọn rí.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ríṣẹ́ sí Kàdúná, páálí wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé: búrẹ́dì, mílíìkì alágolo, ṣúgà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Láyé ìgbà yẹn, bàbá tí ọmọ rẹ̀ wà nílùú ńlá, tó wá jókòó síta tó ń jẹ òtílí, ó ń sọ fún àdúgbò pé ọmọ òun kò rántí òun ni. Bàbá mi kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n pa oko tì, wọ́n ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì lójú gbogbo ayé.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí òùngbẹ fi dé. Èèrà ń bo ibi tí wọ́n bá tọ̀ sí. Egbò kékeré kan lẹ́sẹ̀ wọn kọ̀, kò jinná. Ọkùnrin tó ń tọ́jú aláìsàn ní dísípẹ́ńsárì ní àtọ̀gbẹ ni, kí wọ́n fi búrẹ́dì àti ṣúgà sílẹ̀, kí wọ́n padà sídìí òtílí àti ẹ̀fọ́. Bàbá mi gbà. Ṣùgbọ́n inú yàrá ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á gbé ife tíì sórí àga níta kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Egbò náà sì ti ń gbẹ.

Kérésì dé, ẹ̀gbọ́n mi wálé, wọ́n ká Bàbá mọ́ ìdí àwo òtílí.

"Màmá, ṣé ohun tí mò ń fi ránṣẹ́ kò tó ni?"

Omi lé ròrò lójú ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá sì ti kìlọ̀ fún èmi àti ìyá mi tẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ mọ́ jẹ́ kọ́mọ mi gbọ́ o." A kò dárúkọ àtọ̀gbẹ rárá. Páálí di méjì lóṣù. Bàbá ń jẹ ẹ́, kí ọmọ má baà rò pé wọ́n kọ ọrẹ òun. Egbò náà tún bàjẹ́, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nílé ìwòsàn, Bàbá kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló là á yé mi láìpẹ́ yìí pé àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-tín kan ń gbé inú ìfun wa tó ń ṣe wá lóore, pé irú òtílí àti ẹ̀fọ́ wọ̀nyẹn ni oúnjẹ wọn, bí ebi bá sì ń pa wọ́n, ara kì í lè káwọ́ ṣúgà dáadáa mọ́. Mo ní mo gbọ́. Ó ti rẹ̀ mí.

Ayé ti yí. Lónìí, dókítà á pe gbogbo ọmọ jọ, á sọ ohun tí bàbá wọn kò gbọdọ̀ jẹ, kò sì sẹ́ni tí yóò bínú. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti darúgbó báyìí. Lọ́dọọdún, bí a bá ti ṣe ìrántí Bàbá tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á di ọwọ́ mi mú, wọ́n á ní, "Ó kéré tán, Bàbá jẹun ọmọ kí wọ́n tó lọ."

Mo máa ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.