Ibi Tí Àna Mi Ti Jẹun

Ọmọ mi obìnrin ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní àwọn àlejò ìgbéyàwó òun ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, wọn ò mọ Ìkìrun, wọn ò mọ Inísà, wọn ò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Òkukù rí, kí n jọ̀ọ́ kọ ibi tí wọ́n lè ṣeré dé àti ibi tí wọ́n ti lè jẹun sórí Wàsáàpù. "Mọ́mì, ẹ má kọ ọ́ bíi ti tíṣà o." Tíṣà sì ni mí. Báwo ló ṣe fẹ́ kí n kọ ọ́?

Mo jókòó, mo ronú títí. Kí ni èèyàn fẹ́ ní kí ará Abẹ́òkúta wá wò lọ́dọ̀ wa? Ẹni tó dàgbà sábẹ́ Olúmọ, ṣé òkè Ìkìrun ni mo fẹ́ fi yangàn fún un? Síbẹ̀, mo kọ òkè náà sí i, mo ní kí wọ́n tètè gùn ún kí oòrùn tó mú. Mo kọ stéṣọ̀n rélùwéè Inísà, mo kọ odò Ọ̀tìn. Ní ti oúnjẹ, mo kọ obìnrin oníyán kan nítòsí gáréèjì Ìkìrun tí iyán rẹ̀ kì í ní kókó, àti alákàrà ìrọ̀lẹ́ kan ní Inísà tí ojúlówó oníbàárà kì í jẹ́ kí àlejò rí rà. Ọmọ mi kà á, ó ní mo gbìyànjú.

N ò mọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí Bàbá. Ọkọ mi ti di olóògbé, Bàbá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn sì ni olórí ẹbí ní Òkukù, nínú agbo ilé tí wọ́n fẹ́ mi sí. Wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọn ò kí mi.

"Ìyàwó, mo gbọ́ pé o ní kí àna wa lọ máa rajẹ ní gáréèjì. Ṣé iná ti kú nínú ààrò ilé yìí ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Àna kì í rajẹ. Kó wọn wá sílé."

Inú bí mi, mo sì gbé e mì. Ìyàwó ilé kì í bá ọkọ ilé jiyàn, pàápàá ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó jẹ́ pé àwọn ẹbí ló kù tí wọn yóò fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti ránṣẹ́ sí gbogbo ìyàwó agbo ilé pé kí kálukú dáná.

Ìyá ọkọ ọmọ mi ló kọ́kọ́ dé, ní ọjọ́ Ẹtì. Opó ni àwọn náà bíi tèmi, ọlọ́yàyà obìnrin ni wọ́n, mo sì fẹ́ràn wọn lójú ẹsẹ̀. Mo fún wọn ní yàrá nílé mi ní Ìkìrun. Mo mú wọn lọ wo òkè, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ó mà ga o!" Mo mọ̀ pé wọ́n ń pọ́n mi lé ni. Wọ́n mu omi, wọ́n bèèrè ilé ìtọ̀. Ká tó dé Inísà, wọ́n tún mu omi, wọ́n tún ní kí dírẹ́bà dúró. Mo rò pé oòrùn ni.

Stéṣọ̀n Inísà dákẹ́, láfún ni wọ́n sá síbi tí èrò ọkọ̀ ojú irin máa ń dúró sí láyé àtijọ́. A jókòó sábẹ́ òrùlé. Àna mi di ọwọ́ mi mú.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ó kú sọ́dọ̀ yín."

"Kò ní í kọjá ọ̀dọ̀ mi."

"Ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe mí. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń gbé e. Mo fi í sílé."

"Ẹ fi í sílé ke? Kí ló dé?"

"Kí n tó wá, wọ́n sọ fún mi pé èmi àti àwọn ìyàwó ilé yín la jọ máa sùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa gún ara mi lábẹ́rẹ́ lójú wọn?"

Bàbá ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Kí wọ́n tó fọmọ fún ẹnikẹ́ni nílé wa, wọ́n á wádìí ìdílé rẹ̀ wò, bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá wárápá, bóyá àìsàn tí ìyá lè gbé fún ọmọ. Bàbá ló ń ṣe ìwádìí náà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ti dá ọkùnrin kan padà rí nítorí àìsàn àbúrò ìyá rẹ̀, nígbà tí aṣọ ìyàwó ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. Wọ́n bèèrè ti ìtọ̀ ṣúgà lọ́wọ́ àwọn ará Abẹ́òkúta pẹ̀lú, ẹni tó ṣojú fún wọn sì ní kò sí nínú ìdílé wọn. Bí Bàbá bá gbọ́ báyìí, irọ́ yẹn nìkan ti tó láti tú gbogbo rẹ̀ ká. Ọmọ mi kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá aṣọ ìgbéyàwó tiwọn.

Mo ní kí a wá abẹ́rẹ́ náà rà. Kẹ́míìsì Inísà ò ní i. Ti Òkukù, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wa ló ni ín, ọ̀rọ̀ náà á dé etí Bàbá. Mo ní kí a lọ sí Òṣogbo, fóònù mi dún, Bàbá ni: "Ìyàwó, iyán ti ń tutù." Mo ní a ti ń bọ̀.

Ẹ wá wo oúnjẹ. Ilé tá a kọ́kọ́ wọ̀ ní Òkukù, iyán. Èkejì, ìrẹsì àti dòdò, pẹ̀lú ẹlẹ́rìndòdò tó tutù nini. Èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan kúnlẹ̀, ó ní kí àna jọ̀ọ́ tọ́ ọ wò. Oúnjẹ tí àna ò bá sì jẹ, ọ̀rọ̀ ńlá ni, wọ́n á ní ó ń fura sí wa. Mo ki ọwọ́ bọ abọ́ wọn kí n lè bá wọn dín in kù. Ìyàwó tó gbé e wá gbá mi lọ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá ìyàwó, ọ̀kánjúà yín pọ̀ o! Tiyín ń bọ̀!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Ọ̀dọ̀ Bàbá la parí rẹ̀ sí. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bu ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ lé iyán rogodo kan.

"Bàbá," ni mo wí, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, "ọ̀nà ti rẹ̀ wọ́n. Bóyá kí n bá wọn gbé e lọ sílé."

"Ta ló bá ìwọ sọ̀rọ̀?" Wọ́n kọjú sí àlejò. "Àna mi, àbí iyán wa ò dáa ni?"

"Ó dáa, Bàbá. Ó dùn."

Àna mi bu òkèlè, wọ́n gbé e mì, wọ́n sì ń wò mí. Èmi ni wọ́n ń wò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń jẹun, bí ìgbà tí mo lè gbà wọ́n sílẹ̀. Ẹkún gbọ̀n mí, mo fi ìborùn nu ojú. Bàbá rò pé ayọ̀ ni, wọ́n ní kí n má sunkún, ọjọ́ ayọ̀ ni.

Òkukù ni èmi sùn lọ́dọ̀ ọmọ mi, mọ́tò sì gbé àna mi padà sí Ìkìrun. Ní àárọ̀ Sátidé, mo wọ aṣọ mi tán, mo lọ mú wọn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Òkukù. Mo bá wọn nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gèlè lọ́wọ́ wọn, ètè wọn gbẹ, ọ̀rọ̀ wọn ò já geere. Èmi àti dírẹ́bà la gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀mí wọn ò ní í bọ́ bí wọ́n bá dúró gba omi àti abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú wọn. Gbogbo ènìyàn wọn sì wà ní Òkukù. Mo yọ fóònù, wọ́n fi ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ omi wà nínú rẹ̀ dì mí mú.

"Ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so wọ́n pọ̀ ná. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Fóònù tiẹ̀ dún kí n tó fèsì. Ọkọ ìyàwó ni, ó ń bèèrè ìyá rẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fa agbára jọ láti ibi tí n ò mọ̀, wọ́n ní, "Mọ́tò ló yọnu díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀, a ti ń bọ̀." Ohùn wọn le koko bíi ti ẹni tó wà lójú títì. Wọ́n dá fóònù padà sí mi lọ́wọ́, orí wọn sì ṣubú sórí pílò.

Ọmọ mi ti gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Mo ń gbọ́ dùùrù lẹ́yìn rẹ̀.

"Mọ́mì, wọ́n ní kí a wọlé. Màá wọlé, ṣùgbọ́n mi ò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ìbòjú mi títí ẹ ó fi dé. Dádì ò sí. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní. Ṣé ẹ ti sún mọ́ ibí?"

Mo ní a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Mo ní kí ó dúró dè mí. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé àpò omi kejì kọ́ fún àna mi ni.