Ìlà Tí Mi Ò Lè Kọ fún Bàbá Mi

Ikọ́ bàbá mi ló máa ń jí wa láàárọ̀ nílé wa ní Agége. Iṣẹ́ aṣọ híhun ni wọ́n ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, eruku òwú sì ti ba àyà wọn jẹ́. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, tí àwọn ṣọ́jà ní kí gbogbo wa fún ṣòkòtò mọ́dìí, ilé iṣẹ́ náà dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá mi wá ní kí n lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Ọgbà. "Ọmọ mi, kọ́ iṣẹ́ tí ò ní eruku." Èmi náà pinnu pé tí mo bá ti ríṣẹ́ báyìí, màá gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn gidi. Ìyẹn nìkan ni mo ń lé.

Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní C++ ni wọ́n kọ́ wa. Iná kì í sábà sí, torí náà orí pépà la ti ń kọ ọ́. Tísà wa á wá fi ìka tọ ohun tí a kọ ní ìlà-ìlà, òun fúnra ẹ̀ lá ṣe kọ̀ǹpútà. Tó bá ti rí àṣìṣe, á ké bíi kọ̀ǹpútà tó kọṣẹ́ pé, "Mo ti há o!"

Ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní kíláàsì nínú C++ dà bíi bátànì tí télọ̀ fi ń gé aṣọ, pé ohun tí a bá gé jáde lára ẹ̀ ni ọ́bújẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí kálukú kọ kíláàsì Èèyàn, ká sì fi bàbá wa ṣe ọ́bújẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbà mí! Ta ló máa kọ orúkọ bàbá ẹ̀ ní ṣákálá, bíi pé ẹgbẹ́ ni wọ́n? "Bàbá wa" ni èmi ọlọ́gbọ́n kọ. Tísà ní kọ̀ǹpútà ò gba àlàfo láàárín orúkọ, pé kí n so ó pọ̀. "Ìwọ yìí, irin lò ń bọ̀wọ̀ fún!" Nígbà tí mo ròyìn ẹ̀ nílé, bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín mọ́ wọn lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ tí bàbá mi ò lè dìde mọ́ la dé ibi tí wọ́n ń pè ní dẹ́sítírọ́kítọ̀, ìyẹn ìlà tó ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ọ́bújẹ́ẹ̀tì bá fẹ́ kú. Gbogbo àwọn yòókù ń kọ, èmi di bírò mú lásán. Tísà wá dúró tì mí.

"Kí ló dé tó ò kọ ọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò lè kọ ọ́ fún bàbá mi. Ara wọn ò yá."

Ó ní, "Fi sílẹ̀. Tó ò bá kọ ọ́, kọ̀ǹpútà á ṣe é fúnra ẹ̀. Tí iṣẹ́ bá ti parí, ó máa lọ náà ni."

Inú bí mi débi pé mi ò kí i kí n tó jáde.

Ilé ìwòsàn tí agbára wa ká la gbé bàbá mi lọ. Kò sí oògùn, àwọn dókítà sì ti yanṣẹ́ lódì. Ibẹ̀ ni bàbá mi dákẹ́ sí. Iṣẹ́ tí mo ń lé wá dé lẹ́yìn ìsìnkú, ní ọ́fíìsì tútù kan ní Ìkẹjà GRA. Lọ́jọ́ tí mo gba owó oṣù àkọ́kọ́, mo gbé e ka itan, mo sunkún bí ọmọdé.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Mo ti kọ ìlà yẹn láìmọye ìgbà fún nǹkan tí ò lẹ́mìí. Òótọ́ ni tísà wa sọ lọ́jọ́ náà, kò sì ní í lọ́kàn láti pa mí lẹ́kún. Àmọ́ títí di òní, mi ò tíì dárí jì í tán.